Ọ̀RỌ̀ OLÓÒTÚ: NÍBO NI KÓRÓPE MÁA DÚRÓ SÍ?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó àjẹṣẹ́kù wa ni. Níbi ìpàdé tó kọjá, ìyá mẹ́ta ló kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yá owó ra mọ́tò fún ọmọ. Kì í ṣe mọ́tò èrò, kì í ṣe mọ́tò ẹrù. Kórópe tí ọmọ máa fi ṣiṣẹ́ fífọ fèrèsé ni. Ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà n'Íbàdàn, ẹ̀kẹta wà ní Òṣogbo níbí. Bí wọ́n ṣe ka ìwé náà síta ni àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé fèrèsé náà ti di ohun tí wọ́n ń gbowó fọ̀?

Ẹ má fi ṣẹ̀rín o. Nígbà tí à ń dàgbà, fèrèsé pákó ló wà nílé wa, lẹ́yìn ìyẹn ni lúfà dé, èyí tí a máa ń yọ níkọ̀ọ̀kan tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Lóde òní, ẹ wo Òkè-Fíà, ẹ wo Ọláìyá, ẹ wo ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Gíláàsì ni báńkì, gíláàsì ni hòtẹ́ẹ̀lì, gíláàsì ni ilé oúnjẹ àti ilé olóògùn. Tí ọyẹ́ bá ti dé láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, eruku á bo gbogbo rẹ̀ pọ́nńbélé. Oníbàárà tó bá rí gíláàsì tó dọ̀tí á rò pé inú ilé náà dọ̀tí. Ẹni tó nílé kò lè na ọwọ́ láti inú yàrá kó fọ ẹ̀yìn gíláàsì lókè. Iṣẹ́ gidi ni. Owó wà níbẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò sì wọ́n. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, fóòmù, ọṣẹ olómi díẹ̀, aṣọ ìnu, àkàbà tó ṣeé ká, àti ọ̀pá onírọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lójú gíláàsì. Ará Ítálì kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, Ettore Steccone, ló gba ìwé àṣẹ irú ọ̀pá yẹn ní ọdún 1936, òun náà sì ni wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé títí di òní. Omi tí wọ́n fi ń ṣan án kẹ́yìn gan-an ló ṣòro. Omi kànga àti omi bọhóòlù máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ, nítorí ohun tó yòrò sínú rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Omi òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé agbada sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nítorí pé ọṣẹ ń hó dáadáa nínú omi òjò, ẹ ti mọ ohun tí àwọn òyìnbó ń náwó ra ẹ̀rọ lé lórí.

Iṣẹ́ kò burú, ọmọ kò yan ìdàkudà. Mọ́tò yẹn ló ń kọ wá lóminú.

Ìdí rẹ̀ ni pé a ti rí i rí. Ìyá kan láàárín wa, a ò ní dárúkọ, yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi kún owó kórópe tí ọmọ rẹ̀ rà l'Ékòó. Ọmọ náà ní láákàyè, ó mọ iṣẹ́, àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé kórópe sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Erékùṣù Èkó, ó gun àkàbà lọ sí àjà kejì, ó fọ fèrèsé bí ogójì ìṣẹ́jú. Ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti wọ́ kórópe lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù, ọṣẹ, aṣọ ìnu, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú mọ́tò. Ó san owó ìtanràn, ó san owó ibi tí mọ́tò sùn, ó pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ méjì, oníbàárà tó yẹ kó lọ bá lọ́jọ́ kejì sì ti pe ẹlòmíràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mìíràn. Nígbà tí kò bá rí ibi tó bófin mu, á fún àwọn ọmọ àdúgbò lówó kí wọ́n bá òun wo mọ́tò, àwọn yẹn náà á sì sá nígbà tí wọ́n bá rí àwọn agbófinró. Owó ata ni ìyá fi san gbèsè yẹn tán. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ nígbà náà mọ ìyà tó jẹ ẹ́.

A ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ohun tí a rí nìyí. Mọ́tò tó kó tòmátì lọ sí ọjà, á já ẹrù, á lọ. Bó bá dúró níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ṣe tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n mọ́tò ẹni tó ń fọ fèrèsé gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, wákàtí kan, wákàtí méjì. Ibi tí gíláàsì sì pọ̀ sí jù nínú ìgboro, ibẹ̀ náà ni kò sí àyè fún mọ́tò. Àwọn tó kọ́ ilé náà ti fi gbogbo ilẹ̀ kọ́lé. Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni mọ́tò kò ti lè dúró. Ẹni tó bá yá owó ra mọ́tò láì wo èyí, ẹrù ló rà sọ́rùn.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ bi wọ́n léèrè. Láti oṣù kejì ọdún 2003 ni wọ́n ti ń gba owó lórí mọ́tò tó bá wọ àárín ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́n-ùn 5 lójúmọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó di 15 ní ọdún 2020, ó di 18 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Mọ́tò àtijọ́ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ tún ń san pọ́n-ùn 12.50 lọ́tọ̀, èyí sì ti kan gbogbo Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. Tí o bá gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ, ìtanràn lè tó pọ́n-ùn 160, àfi tí o bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, wọ́n á gba ìdajì. Ní ọ̀pọ̀ ojú títì, wọ́n á jẹ́ kí o já ẹrù sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé kí o fi mọ́tò síbẹ̀ kí o máa fọ fèrèsé, wọn ò ní gbà. Kí ni àwọn tó gbọ́n ń ṣe? Owó àárín ìgboro yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ títí di aago méje àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti wọlé, wọ́n á ti fọ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti jáde. Àwọn mìíràn kò tiẹ̀ mú mọ́tò dání rárá, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.

Àwa náà kúkú mọ ọgbọ́n yìí. Ta ni nínú wa ló ń wa mọ́tò wọ àárín ọjà Bódìjà tàbí Ọjà Ọba? Gáréèjì ni mọ́tò ń dúró sí, alábàárù ló ń bá wa ru ẹrù wọlé. Tí ilẹ̀ bá ṣú, a kì í ru gbogbo ọjà padà wálé. A máa ń bo ó mọ́lẹ̀, a máa ń san owó ọdẹ, ẹrù á sùn sọ́jà. Kí ni kò jẹ́ kí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọ wa sùn síbi iṣẹ́?

Bí a bá ní kí a gbani nímọ̀ràn, ohun tí a máa sọ fún àwọn ọmọ náà ni pé kí wọ́n mú àdúgbò kan ṣoṣo. Ẹni tó ní oníbàárà kan ní Ìkẹjà, kan ní Sùúrùlérè, kan ní Àjàh, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ti máa lo ọjọ́ rẹ̀, epo á sì jẹ èrè rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá lójú títì kan á fi ẹsẹ̀ rìn wọ gbogbo wọn. Kó lọ bá oníbàárà tó wà láàárín, kó bẹ̀ ẹ́ kí àkàbà àti bọ́kẹ́ẹ̀tì máa sùn sábẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀, kó sì máa fọ gíláàsì tirẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Kó rí máìgádì, kó má ṣe ahun. Rọ́bà àti aṣọ ìnu ló kù tó máa gbé sínú báàgì. Ẹni tó ń gbé ní Mile 2 lè wọ ọkọ̀ ojúurin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 lọ sí Màrínà láìfi ọwọ́ kan súkúrẹ́ẹ̀lì. Kó má sì gbọ́kàn lé ọ̀kadà o. Ìjọba Èkó fòfin dè é ní 2020, wọ́n tún le mọ́ ọn ní oṣù kẹfà 2022 ní Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Àpápá, Erékùṣù Èkó àti Mainland. Àwọn ibi tí gíláàsì wà náà ni.

Ẹni tó bá sì rí i pé òun ò lè ṣe láìní mọ́tò, kó jí ní aago márùn-ún, tàbí kó fi iṣẹ́ ojú títì sí ọjọ́ ìsinmi nígbà tí báńkì tì. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì á wọ̀ ọ́. Kí òun àti pásítọ̀ rẹ̀ yanjú ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a má purọ́, mọ́tò ní ibi tó ti wúlò. Ilé inú ẹ́sítéètì yàtọ̀ sí ojú títì. Ní Bódìjà Estate, ní Olúyọ̀lé, ní GRA Òṣogbo, oníbàárà ní géètì, ó ní ọgbà, kórópe á wọlé, á dúró síbẹ̀ títí dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ọmọ tó bá ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ tó pọ̀, tó ń gbé dúrọ́ọ̀mù omi àti àkàbà gígùn, kórópe á pa owó fún un. Èyí tó wà ní Òṣogbo nínú àwọn mẹ́ta wa lè bọ́ sí ọ̀nà yìí, nítorí ìgboro Òṣogbo kò tíì fún bí Èkó. Ṣùgbọ́n kó fi orúkọ wọn hàn wá.

Àwọn kan sọ níjọ́ yẹn pé oníbàárà kì í ka ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn sí. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tó ń da omi ọṣẹ sí gíláàsì mọ́tò onímọ́tò nínú hólódọ̀ọ̀pù, kì í ṣe àìní mọ́tò ló ń jẹ́ kí a lé wọn. Wọn ò bèèrè kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ ni. Ẹni tó wọ aṣọ tó mọ́, tó ní káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn, tó ń já rìsíìtì, tó wá lọ́jọ́ tó ní òun máa wá, wọ́n á pe ẹni bẹ́ẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Iṣẹ́ ilẹ̀ àti àjà kìn-ín-ní ni a ń sọ. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1965, tó ga ní àjà 26, kì í ṣe iṣẹ́ àkàbà. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ okùn tó sì ní bẹ́líìtì ìdáàbòbò ló lè sún mọ́ irú rẹ̀. Owó kankan tí ẹgbẹ́ yìí bá yá ọmọ ò gbọdọ̀ di owó ìsìnkú.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ owó-yíyá ṣe nìyí. Kí wọ́n má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó mọ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yá a ní owó ohun èlò àti owó ọkọ̀ oṣù mẹ́ta. Tí oṣù mẹ́fà bá pé tó ń san padà déédéé, kó wá bèèrè mọ́tò. Lọ́jọ́ náà, kó mú ìwé méjì wá. Ìwé kìn-ín-ní, láti ọwọ́ onílé tàbí alága àdúgbò, pé kórópe ní ibi tó máa sùn. Ìwé kejì, orúkọ oníbàárà tó ní àyè mọ́tò nínú ọgbà, ó kéré tán mẹ́jọ. Kí oníдúró méjì fọwọ́ sí i, kí ìyá rẹ̀ má jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí ìyá á fọwọ́ sí ohunkóhun.

A máa gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti gbà láti dúró dìgbà náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, tó mọ ohun tí a ò mọ̀, kó pè é lórí fóònù kó tó di ọjọ́ náà, kó sì wá sọ fún wa.