Omi Kò Lè Tutù Ju Afẹ́fẹ́ Lọ

Ohun ìyìn ni pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú Accra ń fi ọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi omi tu ẹ̀rọ náà lára, iná aláwọ̀ mèremère ni ojú wọn sábà ń kọ́kọ́ lọ. Níbẹ̀ ni a ti fẹ́ bá wọn jiyàn.

Awakọ̀ gbogbo mọ iṣẹ́ rédíétọ̀: pọ́ǹpù a ti omi kiri, omi a gbé ooru, fáànù a sì fẹ́ ẹ dànù. Bí yàrá bá gbóná dé ìwọ̀n 32, omi náà kò lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, rédíétọ̀ tí ó fẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ náwó lé. Kí a sì fi asẹ́ bo ẹnu fáànù nítorí eruku ọyẹ́.

Bí bàbà bá wà lára ẹ̀rọ, kí rédíétọ̀ má ṣe jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí omi kan náà bá so méjèèjì pọ̀, ìpẹtà yóò jẹ alumíníọ̀mù náà. Omi inú ọ̀rá kò sì yẹ níbẹ̀. Omi tí a sè, tí a gba oru rẹ̀ padà, tí a sì fi oògùn adènà ìpẹtà sí, ni ó tọ́.

Ibo ni ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ ń lọ? Ní Agbogbloshie, kí ìjọba tó tú u ká ní oṣù Keje ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ a máa dáná sun wáyà láti yọ bàbà, wọ́n a sì máa fa èéfín rẹ̀ símú.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín láti béèrè pé, "Irin wo nìyí?" kí wọ́n tó béèrè iye owó. Ghana gba òmìnira ní ọdún 1957. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń rà, ẹrú ẹni tí ń tà á ni.