Ọ́ìlì Kọ́ Ni Oògùn Ẹ́ńjìnì Tó Ń Gbóná
Sí ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Zion Pepe àti gbogbo etíkun Ìlàjẹ

Ẹ̀yin baba wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń fi ẹ́ńjìnì Yamaha 40 kó èrò àti ẹrù láti Igbókọ̀dá wá sí Zion Pepe, ọ̀rọ̀ kan ti di òfin lẹ́nu wa: bí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná lábẹ́ ẹrù, kí á bu ọ́ìlì kún epo rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Irọ́ yìí ń jẹ owó wa, ó sì ń dá èrò dúró sójú agbami.

Mo mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Ẹ́ńjìnì wa kò ní ọ́ìlì lábẹ́ bíi ti mọ́tò. Èyí tí a pò mọ́ bẹntiróòlù ló ń mú písítìnì yọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti pò ó, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á gan kí ó tó rìn jìnnà. Ojú tó ti rí èyí rí yóò máa bẹ̀rù, n kò sì bá a wí.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ti tó kò nílò àfikún. Bí ìwé ẹ́ńjìnì yín bá ní 50 sí 1, ìdajì lítà ọ́ìlì ni kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń fẹ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ di lítà kan, ọ́ìlì ti gba àyè bẹntiróòlù. Ihò inú kábúrétọ̀ tó ń wọn epo kò tìtorí ìyẹn fẹ̀ sí i. Bẹntiróòlù tó ń wọlé á dín kù, afẹ́fẹ́ á sì wà bó ṣe wà. Iná irú àdàlù bẹ́ẹ̀ a máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Èéfín á pọ̀, èédú á dì mọ́ orí písítìnì, púlọ́ọ̀gì á dúdú, á sì kú. Ohun tí ẹ lò bí oògùn ti dá kún àìsàn.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Nínú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì, lókè pòpélà, rọ́bà abìyẹ́ kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ìmpẹ́là. Òun ló ń fa omi odò gòkè lọ tu ẹ́ńjìnì lára. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnì láìsí omi, kì í pẹ́ rárá kí rọ́bà náà tó jóná. Ẹ tú u, kí ẹ fi ìka tẹ ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tó ṣì dára á nà padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ti kú á tẹ̀ síbẹ̀, etí rẹ̀ á ti jẹ. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé ìyẹ́ kan ti já, àjákù rẹ̀ á sì ti lọ há sí ọ̀nà omi lókè. Iyọ̀ òkun náà ń dì sínú ọ̀nà yẹn díẹ̀díẹ̀, pàápàá lára ẹ́ńjìnì tí a kì í fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ nínú.

Àwọn kan á ní, “Omi sáà ń tú jáde lẹ́yìn.” Ihò kékeré tí omi yẹn ń gbà jáde ń fi hàn pé pọ́ǹpù ń ti omi ni, kò fi hàn pé omi yí gbogbo orí ẹ́ńjìnì po. Bí omi rẹ̀ kò bá lágbára, ẹ kọ́kọ́ fi wàyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò náà. Bó bá lágbára tí ẹ́ńjìnì ṣì ń gbóná, ẹ yọ tẹmọsítáàtì, kí ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi tó ń hó. Bí kò bá ṣí, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Ẹlẹ́rìí tó le jù ni ẹni tó ní: “Mo bu ọ́ìlì sí i, ó sì tutù.” N kò pè é ní òpùrọ́. Nígbà tó ń po epo, ẹ́ńjìnì ń sinmi. Bó bá jẹ́ ọ̀rá tàbí ojú oró ló lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà wọlé, bí ẹ́ńjìnì ṣe kú ni pọ́ǹpù kò fà á mọ́, ó já bọ́. Ìsinmi ló ṣiṣẹ́, ọ́ìlì ló gba ìyìn.

Ẹrù ńkọ́? A ń kó sìmẹ́ńtì, a ń kó dúrọ́ọ̀mù, a sì ń wọ́ bóòtù tó bàjẹ́ bọ̀ wálé. Lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnì tí a fún ní gbogbo iná tí kò lè yí dé iye tó yẹ ń jìyà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi pickup olótomátíìkì wọ́ bóòtù lọ sétí omi mọ ìyà yìí: gíà wọn ń gbóná nítorí ẹrù. Wọn kì í rọ ọ́ìlì gíà kọjá àmì, nítorí yóò hó, yóò sì gbóná sí i. Wọ́n ń fi kúlà kún un, wọ́n sì ń dín ẹrù kù. Tiwa ni pé kí á lo pòpélà tí pítíìṣì rẹ̀ kéré fún ẹrù wíwúwo, kí á sì rọra tẹ iná nígbà tí a bá ń wọ́ ọkọ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe àjèjì ní etíkun wa. Àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tó tẹ ìlú Ayétòrò dó ní 1947 ti kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn rí. Kò yẹ kí àgbọ́sọ máa darí wa.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, mo bẹ̀ yín: bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnì tó ń gbóná wá, ẹ tú ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ọ́ìlì. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ ra ìmpẹ́là kan pa mọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó písítìnì.