Ta Ni Yóò Bá Ọmọ Náà Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àríyànjiyàn ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, a kò sì ní fi dúdú pe funfun. Nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ wa ní Notsé bá yege nínú ìdánwò báákì, ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa máa ń fún wọn: kí wọ́n lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó, tàbí ìmọ̀ òfin, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà àtiwọ iṣẹ́ aṣọ́bodè. Bí ọmọ kan bá sọ pé iṣẹ́ ìgbáyégbádùn àwùjọ ni òun fẹ́ ṣe, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Wọn a ní iṣẹ́ àwọn ìyá ìjọ ni, iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ọjọ́ ìsinmi ṣe. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lára, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń pa lára jù ni àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ wa rí.

Ojú ọ̀nà ńlá tí ó ti Lomé lọ sí Atakpamé tí ó sì gba ibẹ̀ lọ sí ìhà àríwá ni Notsé wà. Ọkọ̀ tí ń kó òwú àti iṣu kọjá lójú wa ti kó ọmọ ènìyàn kọjá pẹ̀lú. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Tógò ti ń lọ sí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, láti ro oko olóko, láti ru ẹrù lọ́jà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Etireno padà sí Kutọnu lẹ́yìn tí wọn kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀ ní Gabon, gbogbo ayé pariwo, ọmọ Tógò sì wà lára àwọn tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní ọdún 2003, àjọ Human Rights Watch gbé odindi ìwé jáde lórí òwò ọmọ ní Tógò nìkan. Ní ọdún 2005 ni a ṣe òfin tí ó ka òwò náà léèwọ̀, ní 2007 ni a ṣe òfin ńlá lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ní 2009 ni a sì dá ìlà tẹlifóònù ọ̀fẹ́ sílẹ̀, 1011, tí ẹnikẹ́ni lè pè bí ó bá rí ọmọ tí a ń fìyà jẹ. Òfin kò wọ́n wa rárá.

Ṣùgbọ́n òfin kò lẹ́nu tí ó lè fi bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ tí a mú lọ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, tí ó sì padà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èdè ìyá rẹ̀ ti ṣí mọ́ ọn lẹ́nu. Kò kọ́ Faransé rí. Èdè tí ó kù fún un ni Yorùbá ọjà Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta, èdè tí wọ́n fi bú u, tí wọ́n sì fi rán an níṣẹ́. A mú un jókòó níwájú òṣìṣẹ́ kan tí ó bi í léèrè ní Faransé, lẹ́yìn náà ní Ewé. Ọmọ náà tẹ orí ba. Òṣìṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ kọ̀ láti fèsì. Nípa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, wọ́n lè dá a padà sínú ilé gan-an tí wọ́n ti fà á lé àjèjì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láàárín ìlú kan náà, ìyá kan wà ní ìsọ̀ rẹ̀ tí ń ta aṣọ, tí ìbá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní Atakpamé, àwọn Ifẹ̀ tí a tún ń pè ní Aná wà níbẹ̀ láti ayébáyé, èdè wọn sì bá tiwa tan. Kò sí ẹni tí ó pè wọ́n.

Àwọn kan yóò sọ pé inú rere tó, pé ìyá aláṣọ yẹn kò nílò ìwé ẹ̀rí. Ó dára kí á pè é, àní ó pọn dandan. Ṣùgbọ́n inú rere kò mọ bí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà láìfi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí á dákẹ́, kò mọ ilé ẹjọ́ tí à ń kọ̀wé sí, kò sì mọ bí a ti ń padà bẹ ilé náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ ni ìwọ̀nyí. A ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, École Nationale de Formation Sociale, tí ó wà ní Kpalimé, nínú agbègbè Plateaux tiwa gan-an. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Ní Chicago, láti ọdún 1889 tí Jane Addams àti Ellen Gates Starr ti dá Hull House sílẹ̀ láàárín àwọn àtìpó, ni iṣẹ́ yìí ti ń kúrò ní ìtọrẹ àánú lásán. Ní Nàìjíríà, òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gba ìbuwọ́lù ààrẹ ní ọdún 2022. Àwa nìkan ni a ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Àtakò kejì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ: wọ́n ní kò sí owó níbẹ̀, àti pé ẹni tí kò mọ ènìyàn ní Lomé kò lè rí iṣẹ́. A kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ipò iṣẹ́ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló so mọ́ owó àwọn àjọ òkèèrè. Bí owó bá tán, ọ́fíìsì a tì, àkọlé rẹ̀ a sì máa ṣá lójú oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó gba líséńsì nínú ìmọ̀ àwùjọ ti ṣe iṣẹ́ ìdánrawò lẹ́ẹ̀mẹta láìgba kọ́bọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ láràárọ̀. Àjọ ìjọba tí ń rí sí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni, ANVT, ti ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ ìyọ̀ǹda di orúkọ mìíràn fún iṣẹ́ tí a kò fẹ́ san owó rẹ̀. A kì í sọ fún dókítà pé kí ó fi ọdún márùn-ún yọ̀ǹda ara rẹ̀ ná.

Ní ti mímọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní apá gígùn, kí á bẹ ọ̀gá kan kí ó fi orúkọ wa sókè orúkọ ẹlòmíràn, olè jíjà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe láìmọ ènìyàn. Òṣìṣẹ́ tí ó bá já fáfá gbọ́dọ̀ mọ olórí àdúgbò àti agbẹ̀bí, àlùfáà àti pásítọ̀, ọ̀gá ibùdókọ̀ tí ó mọ awakọ̀ tí ó gbé ọmọ lóru. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò pè ní Kétu, ẹni tí yóò pè ní Abẹ́òkúta, ọ́fíìsì NAPTIP tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ènìyàn. Irú àjọṣe yìí ti wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè wa lábẹ́ orúkọ Réseau Afrique de l'Ouest pour la protection de l'enfant. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: Tógò ní òbí ọmọ náà, Nàìjíríà ní ọ̀gá rẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ́ Notsé tí ó gbọ́ Ewé, Faransé àti Yorùbá ni ó yẹ fún ipò yẹn jùlọ. Síbẹ̀ gbogbo ìkéde iṣẹ́ tí a ti kà, Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń béèrè. A kò tí ì rí ọ̀kan tí ó béèrè èdè tí ọmọ náà ń sọ.

Kí á tó bú àwọn mìíràn, ẹ jẹ́ kí á bu díẹ̀ fún ara wa. Ní ọdọọdún, a ń ra aṣọ ẹgbẹ́, a ń gbé onílù wá, a sì ń ya fọ́tò. Nígbà ọdún Agbogbozã, tí àwọn ọmọ Ewé bá ń rántí odi Agokoli, inú wa a máa dùn láti gbọ́ ìtàn wọn pé Kétu ni àwọn baba ńlá wọn gbà kọjá kí wọ́n tó dé Notsé. Ẹbí ni wá, a ó wí, a ó sì jókòó sórí àga iwájú. (Oúnjẹ ibẹ̀ kì í sì í burú.) Ẹbí wo ni ó ń gbọ́ pé ọmọ dé láti ilẹ̀ Yorùbá, tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, tí kò sì dìde? Àṣà tí a kò lè fi gba ọmọ kan sílẹ̀, kí ni a ń pa á mọ́ fún?

Nítorí náà, a óò gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀. A fẹ́ ìwé kan tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó lè ṣe ògbufọ̀ fún ọmọdé yóò wà, láti Notsé dé Atakpamé, kí a sì fi í lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. A fẹ́ kí ìdajì owó onílù ọdún yìí di owó ọkọ̀ àti owó ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí yóò lọ sí Kpalimé. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ni ó wà ní Haho láti ìgbà ìdìbò ọdún 2019. A ó kọ̀wé sí àwọn olórí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó oṣù. Àwọn tí yóò takò wá nítorí owó onílù, ẹ tètè dé, kí ẹ sì mú ìṣirò yín lọ́wọ́. Àwa ti ń ṣe tiwa.