Ríra Fèrè Àlòkù

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì fẹ́ ra fèrè sákísófóònù olóhùn tẹ́nọ̀ tí ó ti pẹ́ láyé. Kì í ṣe pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ ìrètí nù. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé orúkọ fèrè lọ́tọ̀, ìlera fèrè lọ́tọ̀. Ìlera ni ó yẹ kí ó fi owó rẹ̀ rà.

Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, ni ó kọ́kọ́ ṣe ohun èlò orin yìí, tí ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní ìlú Paris ní 1846. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń ṣe é. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn ti àtijọ́ ni Mark VI, tí ilé-iṣẹ́ Selmer ti ilẹ̀ Faransé ṣe láti 1954 títí di nǹkan bí 1975. Nítorí pé àwọn ọ̀gá olórin lò ó, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Bí olówó kékeré bá lépa orúkọ yìí, èyí tí ó ti bàjẹ́ jìnnà ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì ní rí owó tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ní ìlú Elkhart, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Conn, Buescher àti Martin ti ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye fèrè tí ohùn wọn kún dáadáa, tí owó wọn kò sì tó ti Mark VI rárá. Wọn a máa fín orúkọ àwọn onísọ́ọ̀bù sí ara òmíràn. Irú èyí a máa pọ́ọ́kú nítorí pé orúkọ náà kò lókìkí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kan náà ni ó ṣe é.

Kí dídán ara fèrè má ṣe tan olùrà jẹ. Idẹ tí a ha, tí a sì tún kùn, a máa dán lójú, ṣùgbọ́n híha náà ti jẹ díẹ̀ nínú idẹ, ó sì ti pa ọnà tí a fín sí i rẹ́. Inú ni kí a wò. Ihò tí ó wà lára fèrè yìí ju 20 lọ. Ọmọrí ni ó ń bò wọ́n, tìmùtìmù awọ kékeré sì wà nínú ọmọrí kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan ṣoṣo kò bá dé ihò rẹ̀ pa, afẹ́fẹ́ yóò máa jò, ohùn ìsàlẹ̀ yóò sì ṣòro láti mú jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa bá ètè ara rẹ̀ wí, a máa rò pé òun kò ní ẹ̀bùn orin, nígbà tí ó jẹ́ pé fèrè ni ó ń jò! Ọ̀nà àtimọ̀ kò ṣòro: a ó sọ iná kékeré sínú fèrè nínú iyàrá tí ó ṣókùnkùn, a ó sì rọra tẹ àwọn ọmọrí náà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Tìmùtìmù tí ó gbó ṣe é pààrọ̀. Ibi tí ó tẹ̀ wọnú díẹ̀, ẹni tí ó mọṣẹ́ lè tì í padà jáde. Ṣùgbọ́n bí ara fèrè bá ti wọ́, kí a fi í sílẹ̀ fún olówó.

Ohun méjì wà tí àtúnṣe kò lè yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n ń ṣe àwọn fèrè kan tí ohùn wọn ga ju ìwọ̀n tí a ń lò lónìí lọ. Ẹni tí ó bá ń fọn irú wọn kò lè bá dùùrù ṣe pọ̀. Lára fèrè Conn, lẹ́tà L lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fi hàn pé ìwọ̀n ohùn rẹ̀ bá ti òde òní mu. Èkejì ni èyí tí a ń pè ní C melody, tí ó gbòde ní àwọn ọdún 1920. Ó jọ tẹ́nọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó kéré sí i, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ.

Àwọn kan a máa wí pé tuntun ni ó dára jù fún olówó kékeré. Òótọ́ ni pé ìka kékeré ọwọ́ òsì a máa jìyà lórí fèrè àtijọ́, nítorí pé ibi tí ó ń tẹ̀ le. Ṣùgbọ́n fèrè tí ó ti lo ọgọ́ta ọdún tí ara rẹ̀ sì dá ṣáká ti borí ìdánwò. Tuntun tí a sáré ṣe ní pọ́ọ́kú kò tí ì rí ìdánwò kankan.

Nítorí náà, kí olùrà pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, kí ó fi ọ̀kan ra fèrè, kí ó sì fi èkejì pamọ́ fún ẹni tí yóò tún un ṣe. Iye tí a ó fi pààrọ̀ gbogbo tìmùtìmù rẹ̀ lè tó iye tí a fi rà á. Kí ó mú ẹni tí ó mọ fèrè í fọn dání lọ, kí ó má sì kánjú, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fèrè olórúkọ ńlá tí kò lè dún, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni. Aláìlórúkọ tí ó ń dún ketekete ni yóò sọ ẹni tí ó ni ín di olórin.