Kí Ìwé Lọ Bá Àgbà Lẹ́nu Iṣẹ́

Bí ẹgbẹ́ wa lókè òkun bá ń jíròrò ohun tí a ó ṣe fún ilé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ ìwé kì í gbẹ́yìn: ìwé fún ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀bùn fún ọmọ tó yege. Ó dára, kò sì gbọdọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti ìyá ẹlẹ́ja létí ọ̀sà ní Ìwópin, ti onígẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ti ọlọ́kadà ní Àgọ́-Ìwòyè tó ka ìwé mẹ́wàá tí kò sì fọwọ́ kan ìwé mọ́? Ilé ìkàwé wà ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ló wà fún. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí owó tí a bá dá jọ fún ilé ìkàwé má lọ sórí bíríkì. Kí a fi gbé ìwé lọ bá àwọn àgbà níbi tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, kí a sì fi san owó oṣù ẹni tí yóò máa gbé e kiri.

Àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nítòsí. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, ìjọba ìbílẹ̀ Tower Hamlets bi àwọn ará àdúgbò léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú ilé ìkàwé. Èsì wọn ni pé kí ó wà níbi tí àwọn ti ń rajà, kí ó sì ṣí lásìkò tí àwọn ráyè. Báyìí ni ilé ìkàwé tí wọ́n pè ní Idea Store ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Bow lọ́dún 2002. Ti Whitechapel ṣí ní 2005, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà gan-an, tí ìwé àti kíláàsì àgbà jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni Áfíríkà ti ṣe é ṣáájú. Láti 1950 ni ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé Gold Coast (Gánà òde òní), tí Evelyn Evans darí, ti ń fi mọ́tò kó ìwé lọ sí ìgbèríko. Láti 1996 ni Kẹ́ńyà sì ti ń di ìwé ru ràkúnmí lọ bá àwọn darandaran ní agbègbè Garissa. Èyí ló wọ̀ wá lọ́kàn jù, nítorí ohun tó ń rìn lágbègbè náà ni wọ́n lò.

Nílé, ohun tó ń rìn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside ni ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wo àpótí kan tí omi kò lè wọ̀, tó bọ́ sílẹ̀ ní èbúté Mákùn-Omi lọ́jọ́ ọjà: Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà, Kùránì tí a túmọ̀ sí Yorùbá, ìwé Fágúnwà, Aláròyé ọ̀sẹ̀ yẹn, ìwé pélébé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti awò mélòó kan fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ẹni tó gbé e wá jókòó sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja, ó ń bá ẹni kan ka lẹ́tà báńkì, ó ń bá òmíràn kọ fọ́ọ̀mù. Ní abúlé àgbẹ̀ lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, ìwé lórí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú ni yóò kọ́kọ́ tán nínú àpótí.

Àwọn kan ní àgbà wa kì í kàwé. Kí wọ́n wo ìdí tábìlì olùtàwé-ìròyìn láàárọ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń pé jọ ka àkọlé tí wọ́n á sì máa jiyàn. Owó àti àǹfààní ni wọn kò ní. Àwọn mìíràn ní fóònù ti gbapò ìwé. Dátà ń ná owó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lójú omi, ayédèrú àgbo tó ń wo gbogbo àrùn sì pọ̀ lórí WhatsApp ju ìmọ̀ràn dókítà lọ. Ẹni tó ń gbé ìwé kiri lè kọ́ni bí a ṣe ń yẹ irú rẹ̀ wò. Pé ojúṣe ìjọba ni? Bẹ́ẹ̀ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi owó wa tú ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀: kí a bá a ṣàdéhùn pé yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà níṣẹ́, yóò sì gbà wọ́n síṣẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àtakò tó le jù ni pé ìwé yóò sọnù. Yóò sọnù lóòótọ́, kí a kà á mọ́ ìnáwó. Ìwé tó sọnù sílé apẹja ṣì lè rí ẹni kà á. Èyí tó wà nínú ilé tí a tì pa kò lè rí.

Ohun tí a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni ìdánwò ọdún kan, ọ̀nà omi kan àti ọ̀nà ilẹ̀ kan. Kí a tó ra ìwé kankan, kí a kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ bi àwọn ẹlẹ́ja, onígẹdú àti ọlọ́kadà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kà.