Ẹni Tí Ó Fi Ihò Ara Ògiri Hàn Wá Kì í Ṣe Aláǹgbá

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ń já wọ inú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní hákà, ọmọ Yahoo ni ọkàn púpọ̀ nínú wa ń lọ sí. Olè wà nínú wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ń wá ibi tí ẹ̀rọ ti lanu, kí wọ́n lè sọ fún ẹni tí ó ni ín kí olè tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2015, ní Amẹ́ríkà, Charlie Miller àti Chris Valasek jókòó sínú ilé, wọ́n gba inú rédíò ọkọ̀ Jeep kan wọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ náà wà lójú títì márosẹ̀. Oníròyìn tí ó gbà pé kí wọ́n dán an wò ni ó ń wà á. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ kò sáré mọ́, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. A kò yìn wọ́n pé wọ́n ṣe é láàárín èrò. Ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń sọ àléébù náà fún iléeṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ọ̀hún. Ìgbà tí ìròyìn jáde ni iléeṣẹ́ náà tó pe nǹkan bí ọkọ̀ 1,400,000 padà fún àtúnṣe.

Ní Nàìjíríà, òfin wà láti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn tí a fi kọ̀ǹpútà hù. Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe tú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ wò láìgbàṣẹ. Kí àṣẹ náà sì wà lórí ìwé.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Èkíní, bí ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí bá dé, kí wọ́n gba àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí láti dán an wò kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án. Èkejì, kí wọ́n sọ àléébù tí wọ́n bá rí fún aṣojú ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ tí ó bá fi àléébù sùn, kí wọ́n má ṣe yọ ọ́ níṣẹ́. Ẹ̀mí wa ni ó wà nídìí ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ohùn kan sọ ọ́ ní ìpàdé ẹ̀ka wa.