Benin wo lẹ ń wí: ti Ọba Bìní àbí ti Kútọnu?

Ní ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, ọdún 2024, Benin na Nàìjíríà ní góòlù méjì sí ẹyọ kan. Abidjan ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún, wọ́n fi ń wá àwọn tó máa lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 2026 ni. Gernot Rohr tó ti ṣe kóòṣì Super Eagles rí ló kó àwọn ọmọ Benin wá, òun náà ló sì fi ojú àwọn tó kọ́ tẹ́lẹ̀ gbolẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ dúró bèèrè ni: ṣé Benin kọ́ ni ìlú Ọba Ewuare, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, nínú Nàìjíríà níbí? Báwo ni ọmọ inú ilé ṣe wá ń na bàbá ẹ̀?

Benin méjì ló wà, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé gáréèjì l'Ékòó tó ní Benin lòun ń lọ, wọ́n máa bi í pé Benin wo. Ọ̀kan, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ìkejì, ọ̀nà Bàdágírì ni wọ́n máa kọrí sí, ó di Ṣẹmẹ. Nítorí ẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe máa ń pe ìkejì ní "Benin Republic". Wọn kì í sọ pé "Ghana Republic", wọn kì í sọ pé "Togo Republic", ṣùgbọ́n tó bá ti kan Benin, àfi kí wọ́n fi ìrù kún un.

Bó ṣe wà nínú ìwé ìjọba kọ́ nìyẹn o. "Republic of Benin" ni orúkọ náà lédè òyìnbó, tí wọ́n bá sì gé e kúrú, Benin lásán ni. Ohun tí "Republic" túmọ̀ sí ni ilẹ̀ olómìnira tí kì í ṣe ọba ló ń jẹ lé e lórí, ààrẹ ni wọ́n ń yàn. Ẹ wá wo ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀: orúkọ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí ọba wọn lókìkí jù lọ nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n so mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé kò sọ́ba.

Ta ló so ó? Mathieu Kérékou ni, ṣọ́jà tó gbàjọba ní oṣù kẹwàá, ọdún 1972. Dahomey ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè náà tẹ́lẹ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n fi gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 1960. Ṣùgbọ́n orúkọ gbogbo wọn kọ́ ni Dahomey. Orúkọ ìjọba àwọn Fọ̀n tí ààfin wọn wà l'Abomey ni. Wọ́n máa ń pìtàn pé ọba wọn kan ló pa olóyè kan tó ń jẹ́ Dan, ló bá kọ́ ààfin lé ikùn ọkùnrin náà lórí, "inú ikùn Dan" sì ni Dahomey. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun wọn tán ní 1894 ló mú orúkọ yìí, tó fi bo gbogbo ilẹ̀ tó gbà: Ìbàrìbá lókè, Ẹ̀gùn l'Ájàṣẹ́, àti Yorùbá ní Kétu àti Sábẹ.

Ti Kétu yẹn ló dùn jù. Àwọn ọmọ ogun Dahomey, tí àwọn obìnrin ajagun wà láàárín wọn, ti gbìyànjú láti gba Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Kétu kò ríbi gbé e gbà. Ní 1886, wọ́n kó ìlú náà, wọ́n tú u ká, wọ́n sì kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú lọ. Kò tíì pé ọgọ́rin ọdún tí ọmọ Kétu wá ń gba ìwé ìrìnnà, orúkọ ẹni tó jó ilé bàbá ẹ̀ ni wọ́n sì kọ sí i lẹ́yìn. Ta ni yóò rí i tí inú ẹ̀ yóò dùn?

Nítorí náà, nígbà tí Kérékou ní ọgbọ̀njọ́, oṣù kọkànlá, ọdún 1975, pa Dahomey tì, ó rí nǹkan tó ń ṣe. Orúkọ tí ẹ̀yà kankan ò ní lè sọ pé tòun nìkan ni ló ń wá. Ló bá yíjú sí òkun. Apá òkun tó ti etí ilẹ̀ Ghana wá títí dé ẹnu Odò Ọya ni àwọn òyìnbó ń pè ní "Bight of Benin", ibẹ̀ ló ti fà á yọ. Ṣùgbọ́n òkun yẹn náà, ọ̀dọ̀ Ọba Bìní ló ti yá orúkọ! Orúkọ tí kò lólówó nínú ilé, olówó ẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ògiri. "People's Republic of Benin" ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, nítorí ìlànà Marx àti Lenin ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn àpérò ńlá tí wọ́n ṣe ní Kútọnu ní oṣù kejì, ọdún 1990, wọ́n yọ "People's" dànù. Benin dúró.

Àwọn kan lè ní orúkọ lásán ni, kí ló kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2021, Faransé kó ẹrù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà sí Kútọnu: ìtẹ́ ọba, ilẹ̀kùn ààfin, ère ńláńlá. Abomey ni àwọn ṣọ́jà Faransé ti kó wọn ní 1892. Ẹrù Dahomey ni. Àwọn ère idẹ tí gbogbo ayé ń pè ní "Benin Bronzes", ààfin Ọba Bìní ni Gẹ̀ẹ́sì ti kó ìyẹn ní 1897, Nàìjíríà sì ni Jámánì dá díẹ̀ nínú wọn padà fún ní ìparí ọdún 2022. Ẹni tó bá gbọ́ lédè òyìnbó pé "wọ́n ti kó ẹrù Benin padà sí Benin", èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ mú? Tí ẹnì kan bá fi ẹrù ránṣẹ́ síbi tí kò yẹ, ta ni yóò bá a wí?

Yorùbá ò ní ìṣòro yìí rárá. Bìní ni Bìní, Kútọnu ni Kútọnu. Ìyá tó ń ná ọjà Dàńtọkpá ò sọ ọ́ rí pé Republic kan lòun ń lọ, Kútọnu ló ń lọ, kódà kó jẹ́ pé Sábẹ ló máa sùn. Olú ìlú wọn gan-an, Àjàṣẹ́ ni, kì í ṣe Porto-Novo.

Ó kù ẹyọ kan. Ní oṣù kejì, ọdún 2024, fíìmù kan gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mati Diop ló ṣe é, ọ̀rọ̀ àwọn ẹrù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn ló sì dá lé. "Dahomey" ni àkọlé ẹ̀. Ọmọ Kétu tó bá fẹ́ lọ wò ó, orúkọ tí Kérékou yọ kúrò nínú ìwé ìrìnnà bàbá ẹ̀ ní 1975 ni yóò kọ́kọ́ kà lára pátákó.